Ẹṣin, Irin àti Koríko

Ẹ bá mi yí rédíò yẹn sókè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ koríko ni mo gbé wá lónìí.

Ẹnikẹ́ni tó bá lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa yóò rántí ọjọ́ tí tíṣà bá ní, "Lọ́la, kí kálukú mú àdá wá." Tíṣà á fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, á pín in ní pọ́ṣọ̀n pọ́ṣọ̀n, ó di kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí oòrùn tó gòkè, àtẹ́lẹwọ́ ti bó, ẹ̀yìn ti ń ro, ilẹ̀ tí a sì ti gé kò ju ẹní méjì lọ. Gbogbo ilé-ìwé la jọ ń gé pápá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, síbẹ̀ ó ń gba odidi àárọ̀ lọ́wọ́ wa.

Ẹ wá fojú inú wo àgbẹ̀ kan tí koríko oko rẹ̀ fẹ̀ tó irú pápá bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ àti alágbàṣe bíi méjì ló wà nílẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé gbogbo rẹ̀, kí wọ́n sá a gbẹ, kí wọ́n sì kó o wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí wọn ò bá rí i ṣe, ebi yóò pa màlúù àti ẹṣin wọn kí ọdún tó yí po. Bí ayé àgbẹ̀ ṣe rí nìyẹn ní Yúróòpù àti ní àríwá Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ìran.

Ìgbà òtútù ló fà á. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, àwọn Fúlàní darandaran á kó màlúù wọn, wọ́n á máa wá ibi tí koríko tútù wà lọ. Màlúù ló ń rìn tọ koríko. Lọ́hùn-ún, bí òjò dídì bá ti bo ilẹ̀, kò síbi tí màlúù yóò rìn dé tí yóò rí nǹkan jẹ fún oṣù mẹ́rin, márùn-ún. Nítorí náà, koríko ni wọ́n ń kó tọ màlúù. Wọ́n á gé e nígbà tí oòrùn bá ń ràn, wọ́n á sá a bí ẹni sá èlùbọ́, wọ́n á sì kó o jọ sínú àká. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe èlùbọ́ mọ ohun tí mò ń wí. Bí òjò bá ká a mọ́ orí àpáta, yóò bu. Koríko yìí náà ń bu. Èyí tó tilẹ̀ tún burú jù ni pé bí wọ́n bá kó o wọ àká kó tó gbẹ dáadáa, á máa gbóná láti inú wá, ó sì lè fúnra rẹ̀ gbiná, kó jó àká àtohun gbogbo tó wà níbẹ̀. Ojú ọ̀run ni àgbẹ̀ ń wò, ojú ọ̀run ló ń bá sáré.

Kí ni wọ́n fi ń gé e? Dòjé ńlá kan ni, tí abẹ rẹ̀ gùn tó apá àgbàlagbà, tí ọ̀pá rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ènìyàn. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń dì í mú, wọn á máa fi gbogbo ìbàdí jù ú láti ọ̀tún sí òsì, fáà, fáà, fáà. Ìdájí ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, torí pé koríko tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀ rọrùn láti gé ju èyí tí oòrùn ti pa lọ. Láti ìdájí di ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n gé dáadáa ń rí nǹkan bí éékà kan gé. Bó bá di ọjọ́ kejì, yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀rọ tí ẹṣin ń fà ló gbé dòjé yẹn kọ́ ògiri. Mo fẹ́ kí a jọ tẹ̀lé ẹ̀rọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí mo gbà pé ó ní ohun kan láti kọ́ àwa tí a ṣì ń fi ọkọ́ àti àdá jẹun.

Ìkórè àlìkámà ni ọgbọ́n náà kọ́kọ́ wọ̀. Ní 1828, ọmọ àgbẹ̀ kan ní Scotland, Patrick Bell, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti di òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ṣe ẹ̀rọ ìkórè kan tí ẹṣin ń tì láti ẹ̀yìn. Kò gba ìwé àṣẹ lé e lórí. Ó fi í sílẹ̀ kí àgbẹ̀ tó bá fẹ́ lè lò ó. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ di ìdíje. Cyrus McCormick dán tirẹ̀ wò ní Virginia ní 1831, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 22. Obed Hussey gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1833, McCormick gba tirẹ̀ ní 1834, àwọn méjèèjì sì bá ara wọn fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi orúkọ kan tí wọn kì í sáábà dá. Ìdílé McCormick ní ẹrú. Ọ̀kan nínú àwọn ẹrú náà, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń jẹ́ Jo Anderson, ló bá Cyrus ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yẹn nínú oko bàbá rẹ̀. Ìwé àṣẹ tí ìjọba fún Cyrus kò dárúkọ rẹ̀. Ọwọ́ Jo Anderson wà lára irin, orúkọ rẹ̀ kò sí lórí ìwé. Àwọn tí wọ́n jí baba ńlá wọn gbé láti etí òkun wa ló bí irú ọkùnrin yìí. Bí a bá ń ròyìn ẹ̀rọ tó sọ Amẹ́ríkà di ìlú tó ń bọ́ ìlú, ẹ jẹ́ ká máa pe orúkọ rẹ̀ síta.

Àmọ́ o, ẹ̀rọ tó gé àlìkámà kò fi bẹ́ẹ̀ rí ti koríko ṣe. Pòròpórò àlìkámà le, ó sì nàró. Koríko tẹ́ẹ́rẹ́, ó rọ̀, ó pọ̀ bí irun orí, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n sì ti fẹ́ gé e. Abẹ tí yóò gé e gbọ́dọ̀ yára jù, kó sì sún mọ́ ilẹ̀ jù. William Ketchum ní ìlú Buffalo gba ìwé àṣẹ ní 1847 lórí ẹ̀rọ tó jẹ́ pé koríko nìkan ló wà fún. Ní 1854, Cyrenus Wheeler ṣe èyí tó ní ẹsẹ̀ méjì, tí apá abẹ rẹ̀ sì ń ṣẹ́ po bí ìgbọ̀nwọ́, kó lè tẹ̀ lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti kòtò ilẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, gbogbo ẹ̀rọ ìgékoríko tí ẹṣin ń fà bá ara wọn tan.

Ẹ jẹ́ ká jọ rìn yí ọ̀kan ká. Ẹṣin méjì ló wà níwájú, ọ̀pá igi gígùn kan la àárín wọn kọjá. Ẹ̀yìn wọn ni ẹsẹ̀ irin méjì wà, tí wọ́n ṣe nǹkan gbọ̀ngbọ̀n sí lára kó lè máa gán ilẹ̀. Láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì ni jíà wà. Lókè jíà ni ìjókòó irin, tí wọ́n rọ bí ìdí ọmọ ènìyàn, tó wà lórí irin pẹlẹbẹ kan tó ń fì. Kò sí ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, kò sí epo bẹntiróò. Bí ẹṣin bá ti ń rìn, ẹsẹ̀ irin ń yí. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń yí, ó ń yí jíà. Jíà ń yí àgbá kékeré kan, àgbá yìí ló ń ti ọ̀pá kan lọ tó sì ń fà á bọ̀. Ọ̀pá yìí ló so mọ́ abẹ. Bí ẹṣin bá dúró, abẹ dúró.

Abẹ náà ńkọ́? Ẹ rántí kílípà onígbàjámọ̀, èyí àtijọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀. Eyín ìsàlẹ̀ dúró gbọn-in, eyín òkè ń lọ ń bọ̀ lórí rẹ̀, irun tó bá kó sáàárín wọn ti gé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Irin pẹlẹbẹ kan, tó gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, nà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ẹ̀rọ náà, ó ń wọ́ lórí ilẹ̀. Àwọn ìka irin ṣóńṣó yọ síwájú lára rẹ̀. Nínú ìka wọ̀nyí ni abẹ eléyín onígun mẹ́ta ti ń sáré lọ sáré bọ̀, tó ń dún kẹrẹkẹrẹkẹrẹ débi pé ará oko kejì á gbọ́. Koríko á wá máa wólẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sẹ́yìn irin. Ní ìparí irin yẹn, pákó kan dúró ní ìdàgẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gbá koríko tó ti gé sínú, kí ẹṣin má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá padà yí dé.

Ewu wà ńbẹ̀ o. Bí koríko bá há sí abẹ, àgbẹ̀ tó gbọ́n á kọ́kọ́ já jíà, á wá gba ẹ̀yìn yọ ọ́. Kò ní dúró síwájú abẹ láé. Ó tó kí eṣinṣin kan jẹ ẹṣin, kó ta ẹsẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ àti ìka ló bá ẹ̀rọ yìí lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ibi tí mo fẹ́ kí ẹ rántí jù. Ọ̀pá tó ń ti abẹ yẹn, igi ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá ṣẹ́ lọ́sàn-án, àgbẹ̀ lè gbẹ́ òmíràn fúnra rẹ̀. Eyín abẹ kọ̀ọ̀kan, ìṣó ni wọ́n fi kàn án mọ́ irin. Bí eyín kan bá kán, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á kan tuntun. Bí abẹ bá kú, òkúta ìpọ́nrin ló ń jí i. Bí irin bá sì tẹ̀, alágbẹ̀dẹ wà ní abúlé. Àwọn tó ń tà á náà mọ ohun tí àgbẹ̀ ń fẹ́. Lẹ́yìn tí McCormick kó ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Chicago ní 1847, ó ń jẹ́ kí àgbẹ̀ san díẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n san ìyókù nígbà tí wọ́n bá ti kórè, ó ń kọ̀wé fún wọn pé ẹ̀rọ náà yóò ṣiṣẹ́, ó sì ní àwọn aṣojú káàkiri tí wọ́n ń ta sípéà páàtì. Ẹ̀rọ náà bá ohun tó ti wà nílẹ̀ pàdé: ẹṣin wà nílé, igi wà lóko, alágbẹ̀dẹ wà ládùúgbò, ọgbọ́n dída ẹṣin wà lọ́wọ́ ọmọ ọdún méjìlá.

Èso rẹ̀ kò pẹ́ so. Ẹnì kan àti ẹṣin méjì ń gé nǹkan bí éékà mẹ́wàá lójúmọ́, níbi tí alágbára kan ti ń gé éékà kan. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ ní 1861, tí wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ sójú ogun, ẹ̀rọ ìkórè àti ẹ̀rọ ìgékoríko bá àwọn tó ṣẹ́ kù nílé mú oko ìhà àríwá dúró.

N kò ní fi òdìkejì rẹ̀ pamọ́ fún yín. Ẹ̀rọ tó bá gba iṣẹ́ ènìyàn mẹ́wàá, ó yẹ ká bèèrè àwọn mẹ́sàn-án. Ní 1830, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn alágbàṣe oko dìde lóru, wọ́n ń fọ́ ẹ̀rọ ìpakà. Ìpakà ni iṣẹ́ tí wọ́n fi ń rí oúnjẹ jẹ nígbà òtútù, ẹ̀rọ sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìjọba so 19 nínú wọn kọ́, wọ́n sì kó nǹkan bí 500 lọ sí ìgbèkùn ní Australia. Ebi ló ń pa àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní òmùgọ̀. Ní Amẹ́ríkà, bí ẹ̀rọ ṣe ń gba oko, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ àgbẹ̀ ń gba ìlú ńlá lọ. Ní 1900, nǹkan bí 40 nínú gbogbo 100 òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ oko. Lónìí, wọn kò tó 2.

Lẹ́yìn náà ni katakata dé. Fordson bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1917, Farmall tẹ̀ lé e ní 1924. Ní 1920, ẹṣin àti ìbaaka tó wà lóko Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù 25. Ní 1960, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 ló kù. Ilẹ̀ ńlá tí wọ́n fi ń gbin oúnjẹ ẹṣin wá bọ́ sílẹ̀ fún oúnjẹ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun kan wù mí nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò ju ẹ̀rọ ìgékoríko àtijọ́ nù. Wọ́n gé ọ̀pá gígùn tó wà láàárín ẹṣin kù, wọ́n dá ihò sí i lórí, wọ́n sì so ó mọ́ ìdí katakata. Irin kan náà, abẹ kan náà, ẹni tó ń fà á nìkan ló yí padà. Àtẹ̀gùn kan ni wọ́n gbà dé orí èkejì.

Títí di òní, ẹ̀yà onígbàgbọ́ kan wà ní Pennsylvania àti Ohio tí wọ́n ń pè ní Amish, tí ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń fi ẹṣin gé koríko. Wọn kò ṣàìmọ ohun tí ń jẹ́ katakata. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn kí ohun tuntun tó wọlé ni pé: kí ni yóò ṣe sí ìdílé wa àti àdúgbò wa? Nínú àwọn ìjọ wọn kan, wọ́n á gbé ẹ́ńjìnnì kékeré lé ẹ̀rọ ìgékoríko kó lè máa ṣiṣẹ́ abẹ, ẹṣin á sì máa fà á lọ. Wọ́n mú èyí tó bá wọn mu, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀.

Ó wá ku àwa. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Kí ló dé tí ẹṣin kò fa irin kankan nínú oko baba wa?

Àwọn baba wa mọ ẹṣin. Ẹṣin ni Ọ̀yọ́ fi ṣe ọba lórí ìlú tó pọ̀. Ṣùgbọ́n láti òkè ọya ni púpọ̀ nínú ẹṣin wọ̀nyẹn ti ń wá, owó gọbọi sì ni wọ́n fi ń rà á. Bí ẹṣin bá sọ̀ kalẹ̀ wọ igbó, eṣinṣin kan tí wọ́n ń pè ní tsetse á jẹ ẹ́, á fi àìsàn sí i lẹ́jẹ̀, ẹṣin á rù, á sì kú. Eṣinṣin kan náà yìí ni kò jẹ́ kí àgbẹ̀ igbó ní màlúù tí yóò fa ọkọ́ ìtúlẹ̀. Ẹ tún wo ojú oko wa fúnra rẹ̀: ebè iṣu níbí, kùkùté níbẹ̀, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ jọ ń gbé pọ̀. Ọgbọ́n ni àwọn baba wa fi ṣe é bẹ́ẹ̀, nítorí ilẹ̀ wa kò fẹ́ kí òjò àti oòrùn rí ìhòòhò rẹ̀. Abẹ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà márùn-ún kò lè rìn níbẹ̀.

Nítorí náà, àtẹ̀gùn àárín yẹn fò wá. Láti orí ọkọ́, orí katakata ni wọ́n ní ká fò sí. Ní 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ àwọn ibùdó àgbẹ̀ ìgbàlódé, nígbà tí Olóyè Akin Deko jẹ́ mínísítà fún ètò ọ̀gbìn, wọ́n wo àpẹẹrẹ àwọn abúlé alájọṣe ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Ìlọ́rà ní ọ̀kan, Akùfọ̀ ní ọ̀kan. Èrò rere ni, mo sì ń kí àwọn tó rò ó. Ṣùgbọ́n nígbà èwe mi, mo mọ katakata kan tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà oko. Pọ́ǹpù rẹ̀ ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Páàtì rẹ̀ kò sí nílé, kò sí ní ọjà. Nígbà tó yá, ìtàkùn gun orí rẹ̀, adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ni oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì tún tẹ̀ ba, ó ń fi ọkọ́ kọ ebè.

Ẹ má jẹ́ ká rò pé a kò ní ọwọ́ ẹ̀rọ o. Ẹ wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ìyá àgbà mi jókòó ti páànù tí wọ́n fi ìṣó lu, ó ń fọwọ́ rin ẹ̀gẹ́, ẹ̀jẹ̀ ìka rẹ̀ sì ń kán sínú rẹ̀ nígbà mìíràn. Lónìí, abúlé wo ló ń ṣe gààrí tí kò ní ẹ̀rọ? Ta ló ṣe é? Wẹ́dà àdúgbò ni. Igi rìbìtì kan, páànù tí wọ́n ti lu ní ìṣó tí wọ́n wé mọ́ ọn, bẹ́líìtì kan, ẹ́ńjìnnì kékeré kan. Páànù ìyá àgbà náà ni, wọ́n kàn kọ́ ọ bí yóò ṣe máa yí ni. Bí páànù bá kú, wọ́n á lu tuntun. Bí bẹ́líìtì bá já, ó wà lọ́jà. Ìdí nìyẹn tí kò fi bá katakata lọ sẹ́bàá ọ̀nà.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ohun tí mo wá sọ kò ju báyìí lọ. Ẹ̀rọ tó bá máa dúró lóko gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí àgbẹ̀ ní lọ́wọ́, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹni ìtòsí lè tún ṣe. Ẹ̀yin ìjọba wa, kí ẹ tó ra katakata ọgọ́rùn-ún, ẹ bèèrè ibi tí páàtì yóò ti máa wá àti mẹkáníìkì tí yóò tún un ṣe. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ẹ lè dá owó jọ ra ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ kékeré tí ènìyàn kan ń fọwọ́ tì, kí ẹ sì rán ọmọ yín kan lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ, ẹ̀yin ọmọ Ògún, ẹ lọ sí oko, ẹ jókòó ti àgbẹ̀, kí ẹ wo ibi tí ẹ̀yìn ti ń dùn ún jù. Láti ibẹ̀ ni kí irin yín ti bẹ̀rẹ̀. Bí ohun tí ẹ ṣe bá sì dára, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá yín ṣe é sí i lára, kí ti Jo Anderson má baà tún ṣẹlẹ̀ láàárín wa.

Àwọn àgbà wa ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn ọ̀pá igi tó ń ti abẹ yóò mọ̀ pé ọwọ́ yẹn náà la fi ń tún ẹ̀rọ ṣe.